Ìwádìí Ìyàwó Tí Mo Lọ Ṣe ní Àgbádárìgì

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ọdún mẹ́ta ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo jẹ́wọ́ fún àbúrò mi, láti ọjọ́ náà ni mo sì ti ń rí oorun sùn. Ṣùgbọ́n ó ku ibì kan, òun ni mo ṣe ń kọ̀wé sí yín.

Ọmọ Èkìtì ni wá, Ìsọlọ̀ la ń gbé. Nígbà tí owó epo dé, tí ilé iṣẹ́ ń pọ̀ sí i ládùúgbò wa, èmi àti Káyọ̀dé àbúrò mi ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ òwú kan náà. Ibẹ̀ ló ti pàdé Sẹ́nàmi, ọmọ Ègùn láti Àgbádárìgì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọkàn mi ṣe rí. Àwọn Ègùn ò ju márùn-ún lọ láàárín wa. Bí nǹkan bá sọnù, àwọn la kọ́kọ́ ń wò. Bí ara ẹnìkan ò bá yá, a ó ní kó lọ bi Ègùn. Èmi ò tíì rí Ègùn kankan rí tí mo ti gbọ́ pé èèyàn burúkú ni wọ́n. Sẹ́nàmi máa ń bá mi ṣe nínú iṣẹ́ mi bí ẹ̀yìn bá ń dùn mí, síbẹ̀ ohun tí mò ń sọ ni pé, "Tiẹ̀ yàtọ̀, kò ṣe bí Ègùn." Èmi tí àwọn ọmọ Èkó ń pè ní ará òkè, tí wọ́n ń sín ohùn mi jẹ!

Káyọ̀dé ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Bàbá wa ti kú, èmi sì ni àkọ́bí, ni ìyá wa bá rán mi pé kí n lọ wádìí ẹbí ọmọ náà, bóyá àrùn burúkú tàbí wèrè wà níbẹ̀.

Mo lọ. Kò sí aládùúgbò tó sọ ohun tí kò dáa nípa wọn. Àwọn fúnra wọn gbà mí tọwọ́ tẹsẹ̀, wọ́n dín ẹja fún mi, mo sì jẹ ẹ́ yó. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, bàbá Sẹ́nàmi rọra sọ fún mi pé, "Ọmọ mi, àwa náà ránṣẹ́ sí Èkìtì. A gbọ́ nípa àbúrò bàbá yín obìnrin tí orí rẹ̀ dà rú. Àìsàn ni. A ò ní torí ẹ̀ kọ ọmọ yín."

Ojú tì mí. Inú sì bí mi! Aṣírí tí a fi pa mọ́ fún gbogbo Ìsọlọ̀, Ègùn wá mọ̀ ọ́n, wọ́n tún ń ṣàánú wa. Ta ni wọ́n?

Mo délé, mo ní, "Wèrè wà nídìí wọn. Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ni." Àrùn ilé wa ni mo gbé, mo fi kọ́ wọn lọ́rùn. Ìyá mi ní, "Háà! Èyí tó wà nílé wa ti tó, a ò ní fi kún un." Káyọ̀dé kò jà, ó fi ọmọ náà sílẹ̀. Sẹ́nàmi fiṣẹ́ sílẹ̀ kí oṣù tó parí.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá mi tún ní òun ti rí ọmọ kan nílùú wa fún Káyọ̀dé, kí n lọ wádìí wọn. N kò lè lọ. Mo kúnlẹ̀ níwájú àbúrò mi, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ dìde." Ó sunkún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gba Àgbádárìgì lọ.

Ìròyìn tó mú bọ̀ ni pé Sẹ́nàmi kò tíì lọ́kọ. Bàbá rẹ̀ ní òun ò fẹ́ lẹ́tà, òun ò sì fẹ́ alágbàwí, kí ẹni tó jẹ ẹja lọ́jọ́sí tún wá jẹun. Ìyá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, mo gbà pé ó tọ́ sí mi. Ara mi fúyẹ́, ẹ̀rín ń pa mí, mo sì ń sunkún.

Sátidé ni mò ń lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ bí wọ́n bá gbé oúnjẹ ka iwájú mi? Ẹnu tí mo fi jẹ ẹja wọn náà ni mo fi bà wọ́n lórúkọ jẹ́, n kò sì ní òmíràn.