Kànga Tó Wà Lábẹ́ Yàrá Ẹ̀yìn

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo dúpẹ́ pé orí ẹsẹ̀ ara mi ni mo dúró lé lónìí. Ọlọ́run tó ń rí ohun tí ilẹ̀ bò mọ́lẹ̀, òun ni mo wá yìn.

Ẹ mọ̀ mí, èmi ni tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké ní Sunday School. Ọdún mọ́kànlá ni èmi àti ọkọ mi fi háyà ilé ní Ìwó níbí. Lọ́dún tó kọjá, a rí ilé kan tí wọ́n fẹ́ tà lọ́nà Olúpọ̀nnà. Yàrá mẹ́ta, pálọ̀, kíṣìnì, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún. Alhaji àgbàlagbà kan ló ni ín, àwọn ọmọ wọn fẹ́ mú wọn lọ sí Ìbàdàn. Mo ti fọkàn pín yàrá. Mo ní inú yàrá ẹ̀yìn ni àwọn ọmọbìnrin mi méjèèjì á máa sùn.

Ó ku ọ̀la ká lọ parí ọ̀rọ̀ ni ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Baba, ohun tí ojú mi ò tó nínú ilé yìí, fi hàn mí." Bí mo ṣe dìde, mo sọ fún ọkọ mi pé ká mú bíríkìlà lọ yẹ ilé náà wò.

Ọkọ mi ní, "Alhaji á rò pé a ò gba àwọn gbọ́."

Mo ní, "Ẹ má bínú, Daddy. Ẹ jẹ́ ká ṣáà yẹ̀ ẹ́ wò."

Sùlé, bíríkìlà kan láti Kuta, ló tẹ̀ lé wa lọ. Ó ń fi hámà kan ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti yàrá dé yàrá. Nígbà tó dé yàrá ẹ̀yìn, ìró ilẹ̀ yí padà. Ó tún un kàn. Ó ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síta. Ihò wà lábẹ́ ibí."

Ó ní àfi kí òun fọ́ ọ kó tó lè dá òun lójú. Alhaji náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú wa. Wọ́n ní, "Bí mo ṣe ra ilé náà nìyẹn, mi ò mọ nǹkan kan. Àmọ́ ibẹ̀ ni àwọn ọmọ-ọmọ mi ń sùn tí wọ́n bá wá ṣọdún. Fọ́ ọ."

Sìmẹ́ǹtì fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n tẹ́ sórí pákó. Pákó náà ti jẹrà. Kànga ló wà nísàlẹ̀. Sùlé ju òkúta kan sí i, ó pẹ́ ká tó gbọ́ ìró omi.

Ọkọ mi ní ká máa lọ, a ò rà mọ́. Alhaji bẹ̀ wá pé ká ní sùúrù, àwọn ò ní ta ilé náà bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ẹnikẹ́ni. Sùlé yẹ ìyókù ilé wò látòkèdélẹ̀, ilẹ̀ tó le ni wọ́n kọ́ ọ lé. Alhaji ní kí wọ́n wó yàrá ẹ̀yìn, wọ́n fi òkúta àti yangí dí kànga náà pa. Ó gbà wá tó oṣù méjì. Ẹ̀yìn ìyẹn la tó rà á.

A ti kó débẹ̀. Yàrá méjì ló kù, ó sì gbà wá.

Lẹ́yìn ọdún Iléyá, Alhaji pè mí láti Ìbàdàn. Wọ́n ní, "Tíṣà, mo ka àwọn ọmọ-ọmọ mi lórí ẹní láàárọ̀. Wọ́n pé."

Tèmi náà pé. Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi yọ̀, kí ẹ bá Alhaji yọ̀ pẹ̀lú. Ti Olúwa ni gbogbo ògo.