Wọ́n Ń Dáná Lódìkejì Odò

Bàbá àgbẹ̀ kan láti Idigny, tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ sójà ní ẹnubodè àríwá, wá ra gàrí lọ́wọ́ mi, òun àti ọkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àpò gàrí lèmi náà.

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣebí òyìnbó ti fún àwọn sójà wa ní ẹ̀rọ tó ń fò, tó ń ríran lókùnkùn?"

"Ó ń ríran, àna mi. Ó rí àwọn agbébọn tó pa ọ̀rẹ́ ọmọ mi. Wọ́n sá sọdá odò, ó ṣì ń rí wọn."

"Kí ló dé tí wọn ò lé wọn?"

"Orílẹ̀-èdè aládùúgbò wa lọ̀hún. Ìjọba wa àti tiwọn ń yodì."

"Háà! Tó bá jẹ́ oko, ṣebí ẹni tá a jọ pààlà là ń kọ́kọ́ bẹ̀ sí àáró? Àwa wá rékọjá ẹ̀ lọ sókè òkun!"

Mo fẹ́ẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ yín wá ní kí ni?" ni àna rẹ̀ tún bi í.

"Ó ní, 'Bàbá, a jókòó sétí odò, à ń wò wọ́n, wọ́n ń dáná oúnjẹ.'"

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Mo bu èènì kún gàrí rẹ̀, èmi tí gbogbo ọjà ń pè ní ahun.