Ibi Tí Màmá Wò Dé

Ọjọ́bọ̀ ni dókítà fẹ́ la àyà mi, mi ò sì fẹ́ kí ó bá ọ̀rọ̀ yìí níbẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti ń gbé e mì. Ẹ̀yin ẹbí mi tí ẹ ń pè mí ní ọmọ tó tọ́jú ìyá, ẹ fìdí mọ́lẹ̀ kí ẹ gbọ́. Àbúrò mi obìnrin ni mo ṣẹ̀ jù. Òun ni kí ó sún mọ́ mi.

Aránṣọ ni mí, yàrá tí mo ti ń ránṣọ ló kọjú sí pálọ̀ Màmá. Díkódà la fi ń wo tẹlifíṣọ̀n nígbà yẹn. Ìkànnì tó wà nínú rẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún, ẹyọ kan ṣoṣo ni Màmá ń wò. Wọ́n ní àwọn tó kù dà bí àlejò tí a ò pè. Àbúrò mi, nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ lókè òkun, ló ní kí a yọ ọ́. Ó ra èyí tó ń gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé fún wa, níbi tí èèyàn ti ń mú eré tó bá wù ú nígbà tó bá wù ú. Ó ya ààyè kan sọ́tọ̀ níbẹ̀, ó kọ "Màmá" sí i. Etí Màmá kò gbọ́ fóònù dáadáa mọ́, nítorí náà ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti ń kí ara wọn. Ààyè náà máa ń hàn lórí fóònù àbúrò mi pẹ̀lú; láràárọ̀, kí ó tó lọ síbi iṣẹ́, ó máa wo ibi tí Màmá wò dé. Tí eré bá ti sún síwájú, ó mọ̀ pé ara ìyá òun le.

Eré tí Màmá fẹ́ràn dá lórí ọmọbìnrin kan tó bínú kúrò nílé. Apá kọkàndínlógún la wà nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀. Ní ọjọ́ kejì wọ́n ní, "Pe àbúrò rẹ. Sọ fún un pé mo fẹ́ fojú kàn án."

Mi ò pè é. Kí n má fi irọ́ kún irọ́: mo kọ́kọ́ rò pé ara wọn máa yá, ṣùgbọ́n ìlara ló pọ̀ jù níbẹ̀. Èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n, èmi ni mò ń fún wọn lóúnjẹ, orúkọ ẹni tó wà lókè òkun ló sì wà lẹ́nu wọn. Mo fẹ́ kí ìyá mi jẹ́ tèmi nìkan fún ìgbà díẹ̀. Irú ọmọ wo ni mí? Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo dá jókòó sí pálọ̀, mo rẹ ohùn tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀, mo sì tẹ apá tó tẹ̀ lé e lórí ààyè Màmá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àbúrò mi fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: "Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí i pé Màmá wò ó lánàá. Ọkàn mi balẹ̀. Ẹ bá mi kí wọn."

Ọjọ́ méjìlá ni mo fi ṣe é. Lójoojúmọ́ ni Màmá ń bi mí bóyá mo ti pè é, lójoojúmọ́ ni mò ń ní mo ti pè é. Ní ọjọ́ kejìlá, rìmóòtù wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo gbọ́ ohùn wọn láti inú yàrá: "Ṣé ó ti dé?"

"Ó wà lójú ọ̀nà, Màmá," ni mo fi dá wọn lóhùn, mo sì tẹ apá tó kẹ́yìn. Wọ́n ní kí n wá tún ìrọ̀rí wọn ṣe, kí wọ́n lè jókòó dè é. Mo lọ tún un ṣe. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá wọn láyé.

Mo sọ fún àbúrò mi pé òjijì ni. Ó wá sin wọ́n, ó gbá mi mọ́ra, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní ó kéré tán Màmá wo eré yẹn parí, wọ́n rí i tí ọmọ náà padà sílé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, inú wọn dùn gan-an. Ọpẹ́ tí mo gbà yẹn ló ń dùn mí jù.

Àbúrò mi, wọn ò wò ó parí. Padà sí apá kọkàndínlógún, ní ìṣẹ́jú kẹrìnlá. Ibẹ̀ ni Màmá wò dé, èjìká mi ni wọ́n sùn lé. Gbogbo èyí tó kù, èmi ni. Kí oorun tó gbé wọn, mo bi wọ́n bóyá ọmọ inú eré náà máa padà wálé. Wọ́n ní, "Á padà. Ìyá rẹ̀ ò tíì kú."

Iṣẹ́ tó yẹ kí n ti jẹ́ fún ọ nìyẹn. Bí mo bá jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, bá mi jókòó, ká jọ wò ó láti ibẹ̀. Bí mi ò bá sì jí, dárí jì mí, ọmọ ìyá mi.