Ohun Tí Mo Ṣe fún Télọ̀ Lórí Ìkànnì Ìpè

Dókítà ti sọ òtítọ́ fún mi, èmi náà gbọ́dọ̀ sọ tèmi kí ẹnu mi tó wọlẹ̀. Ikú Télọ̀, tí ẹ ti ń pè ní àfọwọ́fà láti ọdún mọ́kànlá, ọwọ́ mi ló ti wá. Ìyàwó wa, aya Télọ̀, mo rí yín lẹ́bàá ilẹ̀kùn níbẹ̀ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dìde.

Gbogbo ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa tó ń fi rédíò bá ará ọ̀nà jíjìn sọ̀rọ̀ lẹ mọ̀ pé èmi Akọ̀wé ni mo kọ ìwé ètò tó pín ìkànnì rédíò wa: ibí fún ọ̀rọ̀ ẹnu, ọ̀hún fún kóòdù tí à ń fi ìka tẹ̀ dípò ọ̀rọ̀, àti ìkànnì ìpè kan ṣoṣo tí gbogbo wa ń ṣọ́. Ẹni tó bá pè níbẹ̀ tí wọ́n sì dá a lóhùn, kó yáa bọ́ sí ibòmíràn, kó má dínà mọ́ ẹlòmíràn. Nítorí àwọn tí rédíò wọn ò lágbára ju iná tọ́ọ̀ṣì lọ la ṣe ṣòfin náà. Télọ̀ ni ọ̀gá wọn. Bátìrì alùpùpù kan, wáyà bí okùn ìsáṣọ, ó sì ń bá ará òkè òkun tàkúrọ̀sọ! Èmi tí ẹ̀rọ mi tóbi bí àpótí aṣọ, ohùn mi ṣòro kó kọjá odò. Ẹ̀yin náà á ní, "Akọ̀wé, ẹ lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Télọ̀." Eyín funfun lásán ni mo ń fi hàn yín, ohun mìíràn ló wà nínú mi. Ìlara ni, kò lórúkọ méjì.

Bí mo ṣe ń ba dè é lórí ìkànnì ìpè nìyẹn. Bó bá ti pè, màá fi ariwo ẹ̀rọ mi bò ó mọ́lẹ̀. "Ta ló wà níbẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi." N kì í yà fún un. Èmi tí mo ṣòfin!

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ó gbé rédíò rẹ̀ gun orí òkè. Ó pè, mo bò ó. Ó tún pè, mo tún bò ó. Ariwo mi ti lé gbogbo yín kúrò lórí ìkànnì náà. Nígbà tí mo dúró mu omi ni mo wá gbọ́ ọ yékéyéké: "Mo ṣubú. Itan mi ti kán, ẹ̀jẹ̀ ń dà. Ẹni tó bá gbọ́, ẹ bá mi pe ìyàwó mi." Tẹlifóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbọ̀nwọ́ mi. Ẹ gbọ́ o, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbọ̀nwọ́ mi! Mo ní bí mo bá pè, ẹ ó bi mí pé ta ló ń pariwo níbẹ̀. Mo pa rédíò. Mo jẹun ọ̀sán mi, mo jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí òkú rẹ̀, tòun ti rédíò rẹ̀ lọ́wọ́. Nípàdé, mo ṣí ìwé ètò níwájú yín, mo ní, "Ìkànnì tí kò yẹ ló ti pè. Ta ni ì bá gbọ́ ọ?" Ẹ mi orí. Ìyàwó rẹ̀ tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi: "Ẹ ṣeun, Akọ̀wé. Mo sọ fún un títí pé kó máa gbọ́ràn sí yín lẹ́nu." Ọdún mọ́kànlá ló ti ń bínú sí òkú.

Ìyàwó wa, ọkọ yín ò ṣìnà. Ìkànnì ìpè gan-an ló wà, ẹ̀yin ló sì ń pè. N ò lójú tí mo lè fi ní kí ẹ dárí jì mí. Ẹ ṣáà bá mi dárí ji òun.