Kòmándà Inú Ihò Àpáta

Láti Ìkàrẹ́ títí dé Ọ̀kà, kò sí ọmọ tó ti ń rìn tí kò mọ èmi Kòmándà Ọláòtán, olórí fijilanté, ọkùnrin tó dá nìkan yọ sí àwọn ajínigbé láti ẹ̀yìn àpáta, tó sì gba Tíṣà Florence lọ́wọ́ wọn. Ìbọn gbọ́ orúkọ mi, ó ń gbọ̀n! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi. Ó tó, ẹ dáwọ́ dúró. Irọ́ ni. Òótọ́ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mi ti gbọ́ ọ láàárọ̀ yìí; ẹ̀yin tó kù, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Òfin kan la ní: olórí ló ń kọ́kọ́ gun òkè, òun náà ló ń sọ̀ kalẹ̀ kẹ́yìn. Èmi ni mo ṣòfin yẹn, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì yìnbọn sí mi rí. Lọ́jọ́ tá a lọ wá Tíṣà Florence, mo ṣáájú lóòótọ́, Dáramọ́lá igbákejì mi tẹ̀ lé mi, àwọn tó kù ṣì wà nísàlẹ̀. Àfi gbàù! Ọta kọjá létí mi. Orí mi dàrú, mi ò mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn mọ́. Mo kàn gbọ́ tí ẹnu mi ń pàṣẹ pé, "Dáramọ́lá, dúró síbí! Mò ń lọ yọ sí wọn lẹ́yìn!"

Ó ní, "Ó dáa, ọgá. Ẹ rọra o."

Ó tún ní kí n rọra! Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá mo fẹ́ lọ yọ sí wọn lóòótọ́. Ẹsẹ̀ mi ló mọ̀. Inú ihò àpáta kan ló gbé mi lọ, mo sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú alángbá kan tó ń mi orí sí mi bí ẹni ń sọ pé, "Kòmándà, ẹ káàbọ̀."

Dáramọ́lá dúró, torí mo ní kó dúró. Ibẹ̀ ni ọta ti bà á lẹ́sẹ̀. Kò kúrò, ó ń yìnbọn títí àwọn ajínigbé fi sá fi Tíṣà sílẹ̀. Nígbà tí gbogbo ẹ̀ rọlẹ̀, mo yọ láti ẹ̀yìn àpáta, eruku bò mí. Ni àwọn tó ń gòkè bọ̀ bá pariwo: "Kòmándà ti lé wọn lọ!" Mo fẹ́ sọ pé rárá. Wọ́n ti gbé mi sí èjìká.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Nígbà tí wọ́n béèrè ohun tó ṣe Dáramọ́lá, mo ní mo pàṣẹ fún un kó fà sẹ́yìn, kò gbọ́. Èmi yìí! Wọ́n yọ ọ́ lẹ́gbẹ́. Ó ń fi ọ̀pá rìn, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹ̀ yẹn ń dààmú mi ju ìbọn lọ.

Lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n tún jí èèyàn gbé lọ́nà Ìkun. Ọ̀la la máa gun òkè. Ìtùnú, ọmọ Dáramọ́lá, ti wọ ẹgbẹ́ wa. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Bàbá mi ní ẹ̀yìn yín gẹ́lẹ́ ni kí n wà o, sà. Wọ́n ní ibi tẹ́ ẹ bá wà, ìbọn kì í débẹ̀."

Àdúrà ni àbí èébú? Mo rò ó títí, orí mi fẹ́ fọ́. Ni mo bá pe gbogbo ẹgbẹ́ jọ ní pápá Ìwàrò láàárọ̀ yìí, mo ránṣẹ́ sí Dáramọ́lá, mo tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un níṣojú ọmọ ẹ̀: "Ẹ dárí jì mí. Mi ò yẹ lẹ́ni tí ọmọ yín ń tẹ̀ lé."

Ariwo ta. Ismaheel, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, fò sókè: "Ojo! Ká ní èmi ni, àyà ni mo máa fi gba ọta!" Òmíràn ní òun ì bá fi ọwọ́ lásán mú wọn. Kálukú ń lu àyà, gbogbo pápá kún fún akọni.

Dáramọ́lá fi ọ̀pá ẹ̀ kan ilẹ̀. Ó wò mí nílẹ̀ tí mo wà, ó wo Ismaheel, ó wo gbogbo wọn yíká.

"Ó dáa," ló wí. "Ta ló wá ń ṣáájú lọ́la?"