Ìkòkò Kì Í Da Ìborùn Borí

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni, nínú ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó wa láti abúlé Tré lọ sí ọjà Ìdáàṣà. Obìnrin Mùsùlùmí kan tó da ìborùn borí ń rojọ́ fún ìyá àgbẹ̀ kan tó fi ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà ìjọ Àgùdà kọ́rùn.

"Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tó bá ku kànga kan ṣoṣo nísàlẹ̀ òkè wa, ìyà ni. Obìnrin kan ládùúgbò á fi ẹsẹ̀ ti ìkòkò mi kúrò lórí ìlà, á fa ìborùn bọ́ lórí mi. 'Ẹlẹ́hàá, lọ pọnmi ní Mẹ́kà!'"

"O ò fẹjọ́ sùn?"

"Àwa obìnrin ìmàle fẹjọ́ sun àwọn àgbà ìlú. Wọ́n ní kí gbogbo wa lọ jókòó sábẹ́ igi, kí ìkòkò nìkan máa tò, kí olùṣọ́ kànga máa pọnmi sí wọn bí wọ́n ṣe tò. Ìkòkò kì í da ìborùn borí, àbí?"

Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín. "Ìkòkò kì í da ìborùn borí! Amọ̀kòkò kan náà ló kúkú mọ gbogbo wọn."

"Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà! Lánàá, obìnrin yẹn sáré gbé ìkòkò, ó gun òkè lọ. Mo wo èyí tó ṣẹ́kù, tèmi kọ́. Etí tèmi ti ṣẹ́ díẹ̀, ti èyí gún régé."

"Háà! O ò pè é padà?"

"Kí n pè é kẹ̀? Mo jẹ́ kó gbé e délé ná! Ìkòkò tó ń fi ẹsẹ̀ tì láti ọjọ́ yìí, orí ló fi rù ú."