Èmi Ni Mo Ni Ilá Tó Gbé Ọ̀gá Wa Ṣubú

Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi kí ó tó ta sí yín létí láti Matteson, torí mo mọ ẹnu àwọn ará wa: abọ́ ọbẹ̀ kan yóò ti di àgbá mẹ́ta kí ó tó dé Schaumburg. Èmi Sìmíátù, tí ẹ ń pè ní Alhaja Tíṣà, tí ẹ ń fa ọmọ yín lé lọ́wọ́ pé kí n bá yín kọ́ ọ níwà, èmi ni mo ni ọbẹ̀ ilá tó gbé ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa ṣubú. Kì í ṣe Salihat. Ọmọ náà kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, mo sì panu mọ́ títí yìnyín fi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rín in. Èmi náà ti rín díẹ̀, lẹ́yìn tí mo sunkún tán.

Kẹ́mísírì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan lágbègbè Matteson, ní ìpínlẹ̀ Illinois níbí. Marvin, ọ̀gá wa, rí i pé àwọn ọmọ tó ti ilẹ̀ òkèèrè wá kì í lanu ní kíláàsì, ló bá pe obìnrin kan tó ń jẹ́ Eden láti New Zealand, ọmọ Maori, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, kí ó wá kọ́ wa lọ́gbọ́n. Eden ní nílé tòun náà, ọjọ́ pẹ́ tí àwọn tíṣà ti ń pe àwọn ọmọ Maori ní olódo, tí wọ́n ń di ẹ̀bi ru ọmọ àti ilé tó ti wá. Ó ní ọmọkùnrin kan wà tí kì í dáhùn ìbéèrè rárá, àfi ìgbà tí tíṣà rẹ̀ jẹ́ kí òun àti àwọn ìbátan rẹ̀ jọ jókòó kí wọ́n jọ dáhùn, ni ẹnu rẹ̀ bá là. Ẹ̀kọ́ obìnrin yìí kò lọ́jú pọ̀: mọ ilé ọmọ, mọ ìkíni rẹ̀, kí o sì wo ara rẹ kí o tó bá a wí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di gbólóhùn ìkẹyìn yẹn mú, torí èmi ò dì í mú.

Ó ní kí a kí ara wa bí àwọn Maori ti ń ṣe é. Òkè ìlú rẹ ni wàá kọ́kọ́ dárúkọ, lẹ́yìn náà odò rẹ, lẹ́yìn náà àwọn èèyàn rẹ, kí o tó wá sọ orúkọ ara rẹ. Illinois ni wọ́n bí Marvin sí, ilẹ̀ ibẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó ronú títí, ó ní òkè tòun ni òkìtì yìnyín tí wọ́n máa ń wọ́ jọ sẹ́yìn ilé ìtajà. Nígbà tó kàn mí, mo ní Òkè Ìyámọ̀pó ní Ìgbẹ́tì ni òkè mi, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Marvin ní láti ọjọ́ náà lọ, èmi ni ojú àwọn ní ti àṣà àwọn ọmọ Nàìjíríà. Orí mi wú. Mo ra híjáàbù tuntun nítorí ipò yẹn.

Salihat ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé ni. Kò sẹ́ni tó tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ wa títí Eden fi bi í léèrè òkè àti odò rẹ̀. Ọmọ dìde, ó ní, "My mountain is Òkè Màpó. My river is Ògùnpa, but please don't swim inside." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Lójú ẹsẹ̀ ni Eden yàn án pé òun ni yóò fi ìkíni yẹn ṣí ìpàdé àwọn òbí. Kàfáyàtù, ìyá rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Alhaja, ẹ ṣé gan-an ni o! Ọmọ yìí ti ń sọ̀rọ̀ nínú ilé. Bí mo ṣe ń ti shift dé báyìí, she just dey gist me!" Mo gba ọpẹ́ náà bí ẹni pé èmi ni mo mọ Òkè Màpó.

Ẹ jẹ́ kí n dé ìdí ọbẹ̀. Marvin ti kà á léèwọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé oúnjẹ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n ebi ń pa mí, mo sì ní iṣẹ́ láti tò sílẹ̀ ní yàrá kẹ́mísírì mi, ni mo bá gbóná ilá mi, mo tì í sábẹ́ híjáàbù tuntun yẹn. Abọ́ áísìkirìmù ni mo bu ọbẹ̀ náà sí. Ẹ̀yin náà mọ abọ́ áísìkirìmù: gbogbo wa la ń tọ́jú rẹ̀, kò sì sí èyí tí ìdérí rẹ̀ bá a mu. Ó jò sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi. Mo sáré wọlé lọ mú nǹkan ìnulẹ̀. Kí n tó jáde ni mo gbọ́ gbì! Marvin ti na gbalaja sílẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì lókè.

Salihat ló ń kọjá lọ. Ó ju báàgì rẹ̀ nù, ó sáré bá a, ó ń fà á dìde, ó ń wí pé, "Sorry sir! Ah, sorry, sir! Sorry o!" Ọmọ tí wọ́n bí ire, tí wọ́n kọ́ ire, kí ni kó tún sọ? Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà nìyí. Ẹni tó bá sọ "sorry" kí wọ́n tó bi í, ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ búra pé etí àwọn ló ṣe é. Èmi dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń fi nǹkan ìnulẹ̀ nu ọwọ́.

Marvin pè mí pé kí n wá wo nǹkan náà, nítorí èmi ni onímọ̀ kẹ́mísírì. Ó ní ṣé kì í ṣe slime nìyí, nǹkan yọ̀bọ̀yọ̀bọ̀ aláwọ̀ ewé tí àwọn ọmọ máa ń pò ṣeré? Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Òórùn irú kọlù mí nímú, irú Ìgbẹ́tì tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ sí mi. Mo tún ara ṣe, mo ní, "It could be." Ẹ wo obìnrin tó lọ sí Mẹ́kà!

Ibi tó burú jù nìyí. Wọ́n pe Salihat sí ọ́fíìsì. Marvin jókòó sórí tìmùtìmù kan tó ní ihò láàárín nítorí ìdí tó ń dùn ún. Ọmọ ń wolẹ̀, torí a kì í wo àgbà lójú; Marvin ní ẹ̀bi ló ń wò nílẹ̀ yẹn. Eden ní ká ní sùúrù. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Nínú èdè yín, bí ọmọ bá sọ fún ẹni tó ṣubú pé 'sorry', kí ni ó ń sọ?" Ẹ̀yin èèyàn mi, ìbéèrè tí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lè dáhùn! Pẹ̀lẹ́ ni. A ń kí ẹni tó kọsẹ̀ ní pẹ̀lẹ́, à ń kí ẹni tó wúkọ́, à ń kí ẹni tó ru ẹrù. Nígbà tí a gbé e sínú èdè òyìnbó ló di sorry. Ṣùgbọ́n mo ro ó: bí ọmọ yìí kò bá jẹ́wọ́, ta ló ni slime? Ìbéèrè tó kàn, inú abọ́ mi ló ń bọ̀.

Mo ní, "Sorry means sorry."

Salihat gbójú sókè, ó wò mí. Itọ́ gba ibòmíràn, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ọmọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tà, òun náà ló sọ wẹ́lẹ́ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ma." Wọ́n gba ìkíni àwọn òbí lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kí ó máa gbálẹ̀ yàrá oúnjẹ.

Mo tún lọ sílé wọn lọ ṣe ojú ayé. Mo ní, "Salihat, ní orílẹ̀-èdè yìí, má sọ sorry fún ohun tí o ò ṣe mọ́." Kàfáyàtù dúpẹ́ títí, ó di móínmóín fún mi. Mo jẹ ẹ́. Ó dùn.

Yìnyín dé. Lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ní ilé ẹ̀kọ́, ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo fìdí jókòó bí Marvin. Salihat ló sáré dé. Ó gbé mi dìde, ó ṣa ìwé mi, ó gbọn yìnyín kúrò lára híjáàbù mi, kò sì sọ nǹkan kan. Ó fún ètè pọ̀. Mo bá ara mi níbi tí mo ti ń retí ọ̀rọ̀ kan. Mo ní, "Salihat, o ò kí mi?" Ó ní, "Ma, ẹ ní kí n má sọ ọ́ mọ́. I don't want trouble." Mo pe ìyá rẹ̀. Kàfáyàtù mí kanlẹ̀. Ó ní, "Iná ìdáná jó mi lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ yìí kàn gbé ice fún mi ni, kò wí nǹkan kan. Kò tún gist mi mọ́. Ó ti di òyìnbó, Alhaja." Mo jókòó sínú mọ́tò, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Èmi tí wọ́n fi ṣe ojú àṣà ni mo gba pẹ̀lẹ́ lẹ́nu ọmọ Ìbàdàn.

Lọ́jọ́ kejì, mo kó Salihat, ìyá rẹ̀ àti Eden jọ sí ọ́fíìsì Marvin, mo gbé abọ́ áísìkirìmù náà ka orí tábìlì, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Marvin ní, "Okra?" Ó tún ní, "Okra?" Eden rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó wò mí, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo wá ṣàlàyé ohun tí pẹ̀lẹ́ jẹ́. Marvin dá ìkíni padà fún Salihat, ó gba ojú àṣà lọ́wọ́ mi, ó sì gbé ìgbálẹ̀ fún mi. Ó tọ́ sí mi.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ èmi àti ọmọ. Pẹ̀lẹ́ ló kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu, mo sì gbé e mì, torí ọ̀rọ̀ ẹni tí kò ṣe nǹkan ni. Mo ní, "Salihat, mo jẹ̀bi rẹ. Èmi ni mo ṣe é. Foríjì mí." Mo fẹ́ kúnlẹ̀. Kàfáyàtù figbe ta, "Alhaja, ẹ dìde! Ṣé ẹ fẹ́ pa ọmọ mi lára ni?" Níbi tí ó ti ń fà mí sókè tí mo ń fa ara mi sílẹ̀, orúnkún mi gbá ẹsẹ̀ tábìlì, kọ́!

Salihat fò dìde. "Yéè! Ẹ pẹ̀lẹ́, ma!" Ó fọwọ́ bo ẹnu kíá, ó ń wo ojú Marvin. Marvin mi orí sí i pé kò séwu. Ọmọ bá gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu, ó ń fọwọ́ ra mí lórúnkún, ó ń wí pé, "Pẹ̀lẹ́, ma. Ẹ pẹ̀lẹ́ o."

Ẹ̀yin òbí, ẹ foríjì mí. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa sọ pẹ̀lẹ́ yín lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ gbé e mì, ẹ kọ́kọ́ yẹ abẹ́ híjáàbù rẹ̀ wò.